Ọjọ́ Kẹjọ Àwọn Ọmọ Ìgò

Bí ará Abà Olódò bá rí ẹni tó ń fi ìwàǹwára ba nǹkan jẹ́, ohun tó máa sọ ni pé: "Ọjọ́ mẹ́jọ kò tó kó ọmọ ìgò jáde." Àlejò á lanu sílẹ̀. Ta ní ń bímọ sínú ìgò? Ẹ má rẹ́rìn-ín, nítorí omijé ló bí òwe náà.

Ṣẹ̀gílọlá ni ìyàwó Àrẹ̀mú. Wọn kò bímọ. Nígbà tí Àrẹ̀mú kú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò sí irú rẹ̀ lágbègbè ló fi sílẹ̀ fún un. Bí ó bá ń roko ìdí wọn, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àfi bí àrùn ṣe wọ oko. Ìdí wọn ń rà, wọ́n ń wó, títí ó fi ku ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo.

Ó gbé e lọ sí ilé ìwádìí ọ̀gbìn kan n'Íbàdàn. Àrínọlá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gé e títí ó fi kan ọkàn rẹ̀ tí kò ju èékánná lọ. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì gbìn ín sínú ìgò tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nígbà tó hù, ó pín in sí ìgò mìíràn, ó tún pín in. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ránṣẹ́ pe Ṣẹ̀gílọlá.

"Ìyá, méjìlá péré ló yè. Àwọn yòókù bu nínú ìgò, kò sì sí òmíràn mọ́. Mo ti kó wọn sínú àpò ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ oòrùn rí. Ẹ fi wọ́n sábẹ́ ibòji, ẹ fi ọ̀rá bò wọ́n, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ó di ogójì ọjọ́ kí ẹ tó gbé wọn síta."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ní ọjọ́ keje, Ìyá Láníyì aládùúgbò rẹ̀ yọjú wò wọ́n, wọ́n tutù yọ̀yọ̀.

"Ìyàwó Àrẹ̀mú, ọ̀la mà ló pé ọjọ́ mẹ́jọ! Ṣé o ò ní kó wọn jáde ni?"

Obìnrin tó ti báni jó níbi ìkómọjáde gbogbo abà, tí ẹnikẹ́ni kò bá jó tirẹ̀ rí! Ó ní, "Ṣé èmi náà á kómọ jáde?"

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ìgbà tí oòrùn ń mú gan-an. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará abà gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, wọ́n kó ọmọ méjèèjìlá sí gbangba, wọ́n wọ́n omi sí wọn lára, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ Àrẹ̀mú. Ṣẹ̀gílọlá jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Kí àlejò tó jẹun tán, ewé ti ká kò. Ó rò pé òùngbẹ ni, ó bu omi sí i. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, gbogbo wọn ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀. Ó ń fọwọ́ gbé wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣubú.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Àrínọlá gbé ọkọ́ wá láti bá a gbìn wọ́n. Ó bá a níbi tó ti ń bomi rin àpò ilẹ̀ méjìlá tó ṣófo.

"Ìyá, ṣé ẹ gbàgbé ohun tí mo wí ni?"

"N ò gbàgbé. Àwọn ará abà fẹ́ bá mi yọ̀ ni, a sì kó wọn jáde lọ́jọ́ kẹjọ."

Àrínọlá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ṣẹ̀gílọlá gbé kèrègbè omi kalẹ̀, ó nu ojú fún un.

"Má sunkún mọ́. Ẹni tó bá tún gbé tirẹ̀ wá bá ọ, má kàn ka ogójì ọjọ́ fún un. Sọ fún un pé Ṣẹ̀gílọlá ní ọjọ́ mẹ́jọ kò tó kó ọmọ ìgò jáde."