Ilẹ̀ Tó Ṣì Ń Gbóná

Kọnkéré ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé Fadérera. Kí ló wá ṣe? Ó rán àpò aṣọ ńlá kan, ó po iyẹ̀pẹ̀, ewé gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ tútù pọ̀ sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló fẹ́ gbin tòmátì sí, èyí tó hù láti inú irúgbìn ìkẹyìn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò náà.

“Ìyàwó mi, ilẹ̀ yìí ṣì ń gbóná nítorí ìgbẹ́ tútù yẹn, má tíì gbin nǹkan sí i. Fi ewé bò ó, má ro ó. Ekòló á bá ẹ ro ó. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.”

“Màmá, ẹ wò ó, ti aládùúgbò wa ti ń tanná!”

Ó gbin gbogbo tòmátì rẹ̀ tán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi jóná láti gbòǹgbò.

Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà tutù, ó dúdú, ó rọ̀, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Fadérera jókòó tì í. Ilẹ̀ ti ṣe tán, kò sí irúgbìn mọ́.