Lọ́yà Láàárín Ẹbí

Ojú ń ti Akínwálé láti sọ fún Bàbá Mojí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, pé lọ́yà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ilé tí bàbá náà fẹ́ tà fún òun wò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ yá a lówó kò ní tú kọ́bọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Mojí bú sẹ́rìn-ín. "Lọ́yà? Èmi tí mo gbé ọ jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ? Owó tí o bá fi kun ilé lo fẹ́ lọ fún ẹlẹ́wù dúdú!"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ó dáa, mú un wá."

Lọ́yà náà, obìnrin kúkurú kan, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, orúkọ ẹni méjì ló wà níbí. Ta ni Àríyíkẹ́?"

Bàbá Mojí fọwọ́ pa orí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìlọrin ni. Kò tilẹ̀ rò ó pé ó yẹ kí òun bi í léèrè. Wọ́n pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú orí ire! Mo ti rí ẹni tó máa ra ilé wa. Lọ́jọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá sanwó."

Akínwálé sún mọ́ fóònù. "Àǹtí, èmi ni mo fẹ́ rà á o!"

"Akínwálé tèmi? Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ? Kí àlejò yẹn wá ibòmíràn lọ. Mò ń bọ̀ wá fọwọ́ síwèé."

Bàbá Mojí mí kanlẹ̀, ó kọjú sí lọ́yà. "Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ìyá mi, pín owó iṣẹ́ rẹ sí méjì. Èmi ni n ó san ìdajì."