Ìkéde Tí Kò Ṣí Lórí Fóònù Aránṣọ

Ọkùnrin kan wà nílùú kan, ojú-ìwé orí ayélujára ló ń ṣe jẹun. Nọ́ọ̀sì ìlú náà mú ìwé ìléwọ́ kan wá bá a. Àwọn dókítà ojú ń bọ̀ lọ́jọ́rú, ọ̀fẹ́ ni wọn yóò tọ́jú ẹnikẹ́ni tí kò bá ríran dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tẹ̀ sójú-ìwé ìlú wa lórí ayélujára, kó ṣí lórí fóònù yòówù, bùráwúsà yòówù kí wọ́n fi ṣí i."

Ọkùnrin yìí kò tẹ ọ̀rọ̀ kankan. Ó ya ìwé náà ní fọ́tò, ó gbé fọ́tò ràgàjì náà síbẹ̀ lódindi, ó wá fi òdòdó tó ń yí bírí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń dán yinrinyinrin.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ tiẹ̀ fi fóònù kékeré wò ó ná."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tún ń lo ìyẹn? Ẹni tí tiẹ̀ kò bá gbé e, kó lọ ra òmíràn."

Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan, aránṣọ, tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ dàgbà. Ojú ìyá yìí ti ń ṣe bàìbàì, kò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ní àwọn dókítà ojú ń bọ̀, wọ́n fi ìkéde náà ránṣẹ́ sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Funfun báláú. Ó ti ṣètò fóònù rẹ̀ kó má ṣe máa gbé àwòrán wá, kí dátà má baà tètè tán, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń ṣe. Ó rò pé wọn kò tíì kọ nǹkan kan síbẹ̀ ni. Ó ń dúró.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin náà yà kí i.

"Màámi, ẹ rí iṣẹ́ mi àbí?"

"Èwo? Èyí tó funfun bí ògiri yẹn? Ọjọ́ wo gan-an ni àwọn dókítà ń bọ̀?"

Wọ́n ti wá, wọ́n ti lọ.

Ó gba fóònù náà, ó wò ó títí. "Fóònù yín ni kò dáa, màámi."

"O kúkú mọ̀ pé ojú mi ni kò dáa! Àbí ojú tìẹ ni kí n yá kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti ń wo ojú?"

Ìgbà yẹn ló wá jókòó tẹ ọ̀rọ̀ náà: ọjọ́, àkókò, ibi tí wọ́n ń lọ, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, kò sí òdòdó. Kò tiẹ̀ pẹ́ ẹ rárá. Ó ṣí lórí fóònù ìyá, ó ṣí lórí gbogbo fóònù. Ìkéde ohun tó ti kọjá.

Ìwọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rán sí ará ìlú, ìwọ ni mò ń bá wí. Má sọ fún mi pé ó ṣí lọ́dọ̀ tìẹ. Ṣé ìwọ ni ojú ń dùn? Bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kò bá wá, wàá ní wọn ò bìkítà. Irọ́ ni! Ìwọ lo tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Gba fóònù tó kéré jù lọ nílé yín, fi í wò ó, kí o tó wá sọ fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ti parí. Ìyá yẹn ṣì jókòó síwájú ilé, ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n bá òun ti òwú bọ abẹ́rẹ́.