Àáké Ògúnsínà àti Oyin Ẹ̀yìnkùlé Ìbíyẹmí

Opó ni Ìbíyẹmí. Ilé tó ń gbé ní abúlé Ìdí-Àpáta fẹ̀yìn ti àpáta ńlá kan, débi pé ògiri mẹ́ta péré ni ọkọ rẹ̀ mọ nígbà tó ń kọ́ ọ. Àpáta ni ìkẹrin. Nígbà tí ọkọ náà kú, inú yàrá tó sún mọ́ àpáta yẹn ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́un. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Ìbíyẹmí ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí. Kò ní ilé mìíràn, kò sì wá òmíràn.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń gbébẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, pàlàpálá kan wà lára àpáta náà tí ẹnu rẹ̀ kò ju kí ọwọ́ ọmọdé wọ̀ ọ́ lọ. Inú rẹ̀ ni oyin ń gbé, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ débẹ̀ láti kọ́lé. Mo ti sùn nílé tí ìdun ti gba ibùsùn lọ́wọ́ onílé. Mo ti jí níbi tí ìjàlọ ti lé èmi àti onílé síta pọ̀. Gbogbo wọn ni ènìyàn lè bá jà. Oyin ni a kì í bá jà. Ńṣe là ń bá a gbé, tàbí ká bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú èéfín.

Ọkọ Ìbíyẹmí mọ bí a ti í bá wọn gbé, ó sì fi kọ́ ìyàwó rẹ̀. Wọn kì í gún iyán lẹ́yìnkùlé, nítorí ìró odó a máa mi àpáta. Ẹni tó bá ti ìdí ẹmu dé gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọ̀kan bá bà lé ọ lára, o kò gbọdọ̀ fẹnu fẹ́ ẹ, o kò gbọdọ̀ ju ọwọ́. Dúró bí òpó títí yóò fi wò ọ́ tán, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n fi gbé pọ̀ báyìí, ojú ẹnikẹ́ni kò wú.

Ọdún kejì tí ọkọ kú ni oyin náà pọ̀ lápọ̀jù. Òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dún tó kọjá, igi gbogbo sì tanná. Oyin kún pàlàpálá, wọ́n yọ síta, wọ́n so rọ̀ lẹ́nu àpáta bí irùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ṣíjú, aládùúgbò Ìbíyẹmí, ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún títí, rí i pé òjìji àpáta náà tutù lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ìbíyẹmí lọ sódò. Ó yí odó rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kò tíì gún iyán náà dé ìdajì tí oyin fi dé. Ewúrẹ́ méjì tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kú síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti Baálé. Ìyá Ṣíjú fúnra rẹ̀ kò ríran fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá tí ojú kan là, òun ló fi wá ọ̀nà dé ilé Baálé.

“Baálé, ẹ wo ojú mi.”

“Mò ń wò ó,” ni Baálé wí. “Èwo gan-an ni ojú níbẹ̀?”

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Baálé kò rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pe Ìbíyẹmí.

“Ìbíyẹmí, oyin tó pa ewúrẹ́ lónìí, ọmọ ènìyàn ni yóò pa lọ́la. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí oyin kúrò níbẹ̀. Bí wọn kò bá kúrò, ìwọ ni yóò kúrò. A ó fi ẹ̀gún dí ojú ọ̀nà ilé yẹn, a ó sì fi í sílẹ̀ fún wọn.”

“Baba, ọkọ mi tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ọkọ rẹ ti kú. Oyin kò lè ta á mọ́.”

Ìbíyẹmí kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mo ti gbọ́, Baba. Oyin ni yóò kúrò.”

Ó mọ ohun tó kù láti ṣe. Iná kò ṣeé fi sun wọ́n, nítorí koríko òrùlé rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbiná. Ó ní láti la ẹnu àpáta náà kí ọwọ́ lè wọlé, kí ó mú ìyá oyin jáde sínú ìkòkò; ibi tí ìyá bá wà, gbogbo ilé yóò tọ̀ ọ́ lọ. Kùtùkùtù ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, nígbà tí otútù ọyẹ́ ṣì dì wọ́n lápá. Èéfín sì ṣe pàtàkì. Háhá àgbàdo tí a bu omi wọ́n ló ń rú èéfín tí oyin ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n àgbàdo ti tán lóko. Ìdì mẹ́ta péré ni Ìbíyẹmí rí kó jọ ní gbogbo abúlé. Bí a bá sì dá iná sí ìdì kan, kò ní pẹ́ ju ìgbà tí ènìyàn fi jẹ ẹ̀kọ mẹ́ta tán lọ.

Irin wá kù. Ọkọ́ yóò tẹ̀ lára àpáta. Ọmọ-owú, òòlù ńlá alágbẹ̀dẹ, ni ì bá bá a mu, ṣùgbọ́n ọmọ-owú kì í jáde nílé arọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọrọ rẹ̀. Àáké kan ṣoṣo tó lágbára tó ni èyí tí ọkọ Ìbíyẹmí fi sílẹ̀, ọwọ́ àbúrò ọkọ náà ló sì bọ́ sí nígbà tí wọ́n pín ogún.

Ògúnsínà ni orúkọ àbúrò yìí. Odó ló ń gbẹ́. Ó ti ń rìn nílé kí wọ́n tó gbé Ìbíyẹmí wọlé, nítorí náà ọkọ ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbíyẹmí jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àáké yẹn nìkan ni ìṣòro rẹ̀. A máa fi àdín pa á, a máa fi àkísà wé e, bó bá sì gé igi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò dúró, yóò fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Àwọn ará abúlé ní bó bá jẹ́ bó ṣe ń wo àáké ló ṣe ń wo obìnrin ni, ì bá ti gbéyàwó.

Nígbà tí Ìbíyẹmí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbà. “Ìyàwó, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni. N ó wá.”

Ó wá lóòótọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Ìbíyẹmí dáná sí ìdì háhá, ó darí èéfín rẹ̀ sẹ́nu pàlàpálá, oyin sì fà sẹ́yìn. Ògúnsínà ju àáké lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpáta ṣẹ́ díẹ̀. Ó dúró. Ó gbé àáké sójú.

“Ọkọ mi, ẹ máa ṣá a lọ.”

“Mò ń wo ẹnu rẹ̀ ni.”

Ó tún ju mẹ́ta. Ó tún dúró. Nígbà tó fi ṣe èyí lẹ́ẹ̀kẹrin, háhá ti jó tán, èéfín ti fẹ́ lọ, oyin sì jáde wá béèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Abẹ́ ẹní ni àwọn méjèèjì sá sí. Wọ́n ta Ògúnsínà ní ìpéǹpéjú.

Lówùúrọ̀ kejì, ó gbé òkúta ìpọ́nbẹ dání. Ìbíyẹmí rí i, ó dáná. Ìgbà tí èéfín gbóná jù lọ ni Ògúnsínà jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n àáké.

“Ọkọ mi, ṣé àpáta yìí la ń là ni, àbí àáké là ń tọ́jú?”

“Ìyàwó, o kò mọ nǹkan kan nípa irin. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ kújú. Bí ẹnu yìí bá lọ, kò sí irú rẹ̀ mọ́.”

Ìdì kejì jó tán níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ètè Ògúnsínà ni oyin ta lọ́jọ́ yẹn.

Nírọ̀lẹ́, ìkùukùu ṣú sí ìhà gúúsù, atẹ́gùn sì gbé òórùn ilẹ̀ tútù wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá Ṣíjú dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Ìbíyẹmí, ṣé kí n bá ọ di ẹrù? Ojú kan tó là yìí tó ó dì.”

“Ẹ dì í mú,” ni Ìbíyẹmí dá a lóhùn. “Ẹ ó fi wo ibi tí n ó dúró sí lọ́la.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́ dáadáa, wọ́n tún wà lẹ́yìnkùlé. Ìdì tó kù nìyẹn. Ìbíyẹmí dáná sí i, ṣùgbọ́n ó na ìdì náà sí Ògúnsínà.

“Ẹ di èéfín mú. Ẹ gbé àáké fún mi.”

“Àáké ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ilé ẹ̀gbọ́n yín náà ni. Inú ilé yìí lẹ̀gbọ́n yín sùn sí, kò sùn sínú àáké.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Ògúnsínà lọ́wọ́ kò. Ó gba èéfín, ó jọ̀wọ́ àáké.

Ìbíyẹmí ṣán ìró mọ́dìí, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ju àáké, ó tún un jù, kò dúró. Iná ń ṣẹ́ yọ lára àpáta. Oyin kan ta á lápá, kò wo apá. Òmíràn ta á lọ́rùn, kò wo ọrùn.

“Ìyàwó, wo ẹnu rẹ̀,” ni Ògúnsínà ń wí. “Wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.”

Kò wò ó. Irin ṣẹ́ lára àáké, ó fò kọjá létí Ògúnsínà, Ògúnsínà sì kérora bí ẹni pé eyín òun ni wọ́n yọ. Ìbíyẹmí ṣì ń ṣá a. Èéfín ti ń tín-ín-rín nígbà tí àpáta dún kẹ̀rẹ̀, tí ìpele kan gbòòrò bí ilẹ̀kùn sì yẹ̀, tó wó lulẹ̀.

Afárá oyin kún inú rẹ̀, wọ́n so rọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, oyin sì ń kán lára wọn. Ìbíyẹmí ju àáké sílẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó wá ìyá oyin títí ó fi rí i, ó sì rọra gbé e sínú ìkòkò tó ti fi ìda pa nínú. Nígbà tí oòrùn fi gòkè, gbogbo ogun náà ti tẹ̀lé ìyá wọn wọnú ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé e lọ sórí igi létí odò, níbi tí kò sí odó, tí kò sì sí ewúrẹ́.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, Baálé ti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Ṣíjú tẹ̀lé e, ó fi aṣọ bo gbogbo orí. Wọ́n bá Ògúnsínà lórí ìjókòó, àáké lórí itan rẹ̀, ẹnu àáké náà bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká.

“Ìbíyẹmí,” ni Baálé wí, “ṣé o rí ohun tí o fi ojú àáké yìí rí?”

“Baba, n kò wò ó. Inú àpáta ni mò ń wò.”

Baálé wo Ìbíyẹmí, ó wo ilé rẹ̀. Ó ya afárá kan, ó lá a, ó sì na ìyókù sí Ògúnsínà. Ògúnsínà kọ́kọ́ mi orí. Nígbà tó yá, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a.

“Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, Baba.”

“Ẹnu àáké ńkọ́?”

Ògúnsínà tún ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu Baálé, òun tí kò rẹ́rìn-ín nígbà tí gbogbo ènìyàn ń rín. Ó ní kí Ìbíyẹmí padà sínú ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní gbé ẹ̀gún débẹ̀ mọ́. Ní ti àáké, alágbẹ̀dẹ fi iná sí i, ó sì tún ẹnu rẹ̀ rọ láàrin ọjọ́ méjì. Ó kúrú díẹ̀ ni, ó sì gbẹ́ odó títí Ògúnsínà fi darúgbó. Odó tó kọ́kọ́ fi gbẹ́, Ìyá Ṣíjú ló gbé e fún, ẹ̀yìnkùlé Ìbíyẹmí sì ni wọ́n ti fi gún iyán.

Ọ̀rọ̀ tí opó yẹn fọ̀ níwájú Baálé kò kú síbẹ̀. Àwọn àgbà mú un, wọ́n tò ó, wọ́n sì ń fi pòwe títí dòní pé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké.