Jangirọ́fà Òjélabí

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Àfọ̀n láyé àtijọ́, Òjélabí lorúkọ ẹ̀, okùn ló ń ṣe. Igbà tí àwọn ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń rà á, torí igbà tiẹ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n igbà tó dáa máa ń pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó bá ra ọ̀kan lónìí, ó di bí ọdún mẹ́ta kó tó padà wá. Ọjà wá dákẹ́. Ni Òjélabí bá ronú kan àwọn ọmọdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jangirọ́fà, okùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀ka igi, pákó pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, ọmọ á jókòó lé e, á máa fì lọ, á máa fì bọ̀. Ó rẹ okùn náà láró, ó ń dán. Ọmọ tó bá ti rí i, kò ní jẹ́ kí ìyá ẹ̀ sinmi mọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ilé mẹ́jọ ti rà á.

Ilé Àwẹ̀ró wà nínú wọn. Opó ni Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ṣẹ̀gílọlá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ rà á, ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè bóyá okùn náà lágbára. Òjélabí rẹ́rìn-ín, ó ní òun tóun ń ṣe okùn tó ń gbé àgbàlagbà dé orí ọ̀pẹ, ṣé tọmọdé ló máa wá já mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọjọ́ kẹta ló já. Ó já nígbà tí ọmọ wà lókè. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí Àwẹ̀ró wà níbẹ̀, ó dúró ti igi, ó ń wò ó, kò sì sí ohun tó lè ṣe. Apá Ṣẹ̀gílọlá kán. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Bí ọmọ ṣe ń ké níbẹ̀, Àwẹ̀ró tú okùn tó já tó mú dání wò. Okùn tuntun ni wọ́n fi wé e lóde. Inú ẹ̀, ògbólógbòó igbà ni, àwọn èyí táwọn ẹlẹ́mu ti lò gbó tí wọ́n sì jù nù. Ó fọwọ́ fún un, ó rún bí ewé gbígbẹ. Aró yẹn ni kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀.

Kò lè jókòó mọ́. Ilé méje ló kù tí ọmọ ń fì lórí irú okùn yẹn. Ó sáré dé ilé àkọ́kọ́, ìyá tó bá níbẹ̀ ní ọmọ tòun ò wúwo. Ó dé ìkejì, baálé ilé ní tóun bá ti oko dé, òun á yẹ̀ ẹ́ wò. Àwẹ̀ró ò dé ìkẹta. Ó yà sílé Òjélabí, okùn lọ́wọ́, kò wé gèlè, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ lé e.

Òjélabí ò ta gìrì. Ó ní, “Ìyá Ṣẹ̀gí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ṣé ẹ bi ọmọ yín bó ṣe ń fì í? Ojú yín rí i kẹ́ ẹ tó gbé e. Ọjà tó ti délé kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á.”

“Mi ò tíì bá yín sọ̀rọ̀ owó. Ẹ dìde, ẹ lọ tú méje tó kù kí ọmọ ẹlòmíì tó já bọ́.”

Òjélabí ní òun ò lè ṣe é. Ó ní tóun bá tú ẹyọ kan péré, àwọn ẹlẹ́mu á ní igbà òun náà ti jẹrà, ebi á sì wọlé òun. Àwọn kan ń mi orí sí i pé òótọ́ ló sọ, torí ẹni tó ti ra nǹkan kì í fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ní odó ló yẹ kí Àwẹ̀ró rà fún ọmọ ẹ̀, pé odó kì í já. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró ò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń fì lẹ́yìnkùlé kejì, tí ọ̀kan bá ti pariwo, á yíjú síbẹ̀ wìrì.

Ibẹ̀ ni Baba Àkànmú bá wọn, òun ló dàgbà jù nínú àwọn ẹlẹ́mu.

Ó ní, “Òjélabí, igbà tó o ń tà fún wa, ta ló ń kọ́kọ́ fi gun ọ̀pẹ?”

“Èmi ni, Baba. Bí bàbá mi ṣe ṣe é nìyẹn. Ẹni tó hun ún ló ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀mí ara ẹ̀ lé e.”

“Jangirọ́fà ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà, Baba. Eré ọmọdé mà nìyẹn.”

Gbogbo èèyàn wá dojú kọ Òjélabí, wọ́n ń retí ohun tó máa tún sọ. Kò sẹ́ni tó rí Àbèjẹ́, ọmọ Òjélabí tó kéré jù. Jangirọ́fà kan wà lórí igi iwájú ilé wọn, èyí tí bàbá ẹ̀ so síbẹ̀ káwọn oníbàárà lè máa rí i. Ọmọ náà rí i pé ojú àgbà ò sí lára òun, ló bá sáré jókòó lé e, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó gbéra.

Òjélabí fò dìde. Ó ti Baba Àkànmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó já ọmọ gbà kúrò lórí pákó. Ó ní, “Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé o ò gbọ́dọ̀ gun nǹkan yìí láéláé?”

Òjélabí fúnra ẹ̀ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀.

Àwẹ̀ró yíjú sáwọn èèyàn, ó ní, “Ẹ sáré gbé ọmọ tiyín.”

Àwọn èèyàn ti tú ká. Ìyá tó ní ọmọ òun ò wúwo ló ṣíwájú eré, ọkùnrin tó fi odó ṣe yẹ̀yẹ́ gbàgbé bàtà ẹ̀ kan sílẹ̀. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi gé gbogbo ẹ̀ lulẹ̀. Ọmọ kankan ò tún já bọ́. Níwájú baálẹ̀, Òjélabí dá ohun tó gbà padà fún ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó sì gbọ́ bùkátà ìtọ́jú Ṣẹ̀gílọlá títí eegun fi so. Apá náà jinná, àmọ́ kò nà tán mọ́.

Látìgbà náà, tí àlejò bá gbé ohun ìṣeré ọmọdé wá tà ní Ìdí-Àfọ̀n, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló mú káwọn àgbà máa pa á lówe títí dòní pé: ẹni tó bá ń ta jangirọ́fà, ọmọ tiẹ̀ là á kọ́kọ́ wá lórí okùn.