Ọkùnrin Tó Fi Òkúta sí Ọwọ́ Ẹni Tó Jókòó

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi fídíò orin jẹun. Bí olórin bá ti kọ orin tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e wá, òun ni yóò sì wá ohun tí ojú yóò máa wò nígbà tí etí bá ń gbọ́ orin náà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé orin ìfẹ́ ń fẹ́ òjò àti fèrèsé, pé orin ọlá ń fẹ́ mọ́tò tó ń dán, pé orin ìyà sì ń fẹ́ èéfín. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí sínú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ń tẹ̀ lé e, àwọn tó ń wò ó náà sì ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti rí táyà tó ń jó lójú títì, wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ará ìlú àti ìjọba ni olórin fẹ́ sọ.

Kì í ṣe ènìyàn búburú. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Kì í jẹun ṣáájú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá gbọ́ pé wọ́n rẹ́ ẹnì kan jẹ, ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lọ́kàn rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gba iṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí olórin kan gbé orin tuntun wá fún un, orin nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú ìyá olórin náà.

Ìlú náà kò tóbi. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀rọ omi wọn fi gbẹ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kọ lẹ́tà títí, wọ́n rán ènìyàn títí, ẹnikẹ́ni kò dá wọn lóhùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé korobá wọn tó ṣófo lọ sí iwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n dojú wọn dé, wọ́n sì jókòó lé wọn. Wọn kò kọrin. Wọn kò pariwo. Àwọn ọkọ mélòó kan bá wọn jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n yin tajútajú, lẹ́yìn náà wọ́n yìnbọn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn kú síbi tó jókòó sí. Ọkọ rẹ̀, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Láòyè, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyẹn ti tó oṣù mẹ́rin sẹ́yìn nígbà tí ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà rẹ̀ dé ìlú ọ̀hún. Àwọn obìnrin náà gbà á tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gbé korobá wọn jáde, wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe jókòó lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ láàárín wọn. Kò béèrè ẹni tó ni àyè náà. Ó mọ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Síbẹ̀, bó ṣe ń wò wọ́n yẹn, ọkàn rẹ̀ kejì ń sọ fún un pé èyí kò lè gbé orin náà. Orin náà gbóná, ó ń sáré. Ta ni yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wo àwọn ènìyàn tó jókòó? Ẹni tó bá ń wò ó yóò fi ìka tì í kọjá lórí fóònù rẹ̀ kí olórin tó la ẹnu. Báwo ni aráyé yóò ṣe wá gbọ́ nípa Ìbídùn?

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà, ó sì ní kí wọ́n lọ wá táyà.

Láòyè ló kan igi tí wọ́n fi dí ojú títì nínú fídíò náà. Láòyè fúnra rẹ̀ ló gé fóòmù bí òkúta, tó kùn ún ní ọ̀dà eérú. Bó ṣe parí, ọkùnrin náà pè é sẹ́yìn ọkọ̀, ó fún un ní aṣọ kan kó fi bo ẹnu, ó sì ní kó wá bá òun ju ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà.

Láòyè wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, a ò ju òkúta lọ́jọ́ náà o."

Ọkùnrin náà ní, "Mo mọ̀, Bọ̀dá Láòyè. Fídíò kúkú ni. Bí kò bá le, wọn ò ní wò ó. Bí wọn ò bá wò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé wọ́n pa ìyàwó yín."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ló mú Láòyè. Ó so aṣọ mọ́ ẹnu.

Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ya á. Lẹ́ẹ̀kẹfà, aṣọ náà já bọ́, ojú Láòyè sì hàn kedere nínú èéfín, omi ń dà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀lú òkúta. Ọkùnrin náà mọ̀ pé òun ti rí ohun tí òun wá.

Fídíò náà jáde, ó sì gba ìgboro kan. Àwòrán ọkùnrin tó ń sunkún pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́ ló wà níbi gbogbo. Àwọn kan tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n pè é sórí rédíò, wọ́n sì bi í pé báwo ló ṣe rí ọgbọ́n tó fi ṣe irú iṣẹ́ yìí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹnu rẹ̀ sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mi ò dá ọgbọ́n kankan. Gbogbo ohun tí ẹ rí níbẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn."

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ikú Ìbídùn. Àwọn obìnrin náà lọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ pé àwọn jókòó ni. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, agbẹjọ́rò àwọn ọlọ́pàá dìde, ó gbé àwòrán kan sókè. Láòyè ni, òkúta lọ́wọ́. Ó tún tẹ ohùn kan kí gbogbo ilé gbọ́, ohùn ọkùnrin náà lórí rédíò: bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Agbẹjọ́rò náà jókòó. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n mú Láòyè, wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ kọ lu ọlọ́pàá, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ìyá àgbà tó ṣáájú àwọn obìnrin náà ló wọkọ̀ lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ọkùnrin náà gbà pé ìyá yóò bú òun, ó tilẹ̀ ti múra ohun tí òun yóò fi dáhùn. Ìyá kò bú u. Ó mu omi tí wọ́n gbé fún un tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mi ò wá bá ọ jà. O fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Láòyè wà látìmọ́lé, wọ́n sì ti ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ fa ikú. Wá sọ fún wọn pé fóòmù ni."

"Màmá, ṣé lẹ́tà kò ní tó? Mo lè kọ ọ́ lónìí."

"Ẹnu rẹ ni wọ́n fi mú un. Wọn ò fi lẹ́tà mú un."

Ó ní kí ìyá fún òun láyè díẹ̀. Nígbà tí ìyá lọ tán, ó pe olórin náà. Inú bí olórin. "Bí o bá lọ sọ bẹ́ẹ̀," olórin wí, "wọn á ní irọ́ ni orin mi látòkè délẹ̀. Àwọn tí kò gbà pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni gan-an lo fẹ́ lọ gbè lẹ́yìn yẹn." Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi lè ṣe nǹkan kan. Ó ro ti orúkọ rẹ̀. Ó ro ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pè é fún iṣẹ́. Ó ń wá ọ̀nà tí òun yóò fi tú Láòyè sílẹ̀ láìsí pé òun tú ara òun fó, kò sì rí i.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣí gbogbo ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ gbà ní ìlú náà, títí kan àwọn èyí tí kò lò. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé òun sọ nǹkan tó gbọ́ yẹn. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì pa ẹ̀rọ tó fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀rọ náà sábẹ́ apá, ó sì wọkọ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Ó sọ fún wọn pé fóòmù ni òkúta náà, pé òun lòun ní kí Láòyè jù ú, pé irọ́ lòun pa lórí rédíò.

Agbẹjọ́rò rẹ́rìn-ín músẹ́. "O purọ́ nígbà yẹn. Kí ló máa jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe òní lò ń purọ́?"

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, sà. Èmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn. Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ti sọ ọ́ fún yín, ẹ gba tiwọn gbọ́. Ohun tí èmi lè fi hàn yín ni bí mo ṣe ṣe tèmi."

Ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Gbogbo ilé rí òkúta tó bá ọ̀kan nínú àwọn tó wọṣọ ọlọ́pàá nínú fídíò náà lórí, tó sì ta padà bí bọ́ọ̀lù, tí ẹni náà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rí Láòyè tó ń lọ mú un nílẹ̀ padà, tó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, ohùn ọkùnrin náà, tó ń pariwo: "Ẹ bínú sí i, Bọ̀dá! Kò tíì tó! Ẹ rántí ìyàwó yín! Ẹ rántí bó ṣe ṣubú!" Wọ́n sì rí ojú Láòyè bó ṣe ń yí padà.

Alága ìgbìmọ̀, adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó lè gé ohùn yẹn kúrò kó tó wá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gígé. Kò gé e.

Wọ́n tú Láòyè sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé àwọn ará ìlú náà jókòó ni, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Àwọn tó fún ọkùnrin náà ní àmì ẹ̀yẹ gbà á padà. Fún bí ọdún kan, àwọn olórin kò pè é. Ó padà lọ bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya fídíò mìíràn, èyí tí wọn yóò kàn jókòó sí. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì ní rárá.

Láòyè ló sìn ín dé ibi ọkọ̀. Ọkùnrin náà wá ní, "Bọ̀dá Láòyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí òkúta yẹn jì mí."

Láòyè ní, "Ọ̀rọ̀ òkúta ti tán, Ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ mi. Èyí tó ń dùn mí ni pé mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà tá a ti sin ín, mi ò rí ẹkún sun. Ìgbà tí ẹ ní kí n rántí rẹ̀ ni ẹkún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìfẹ́ ìyàwó mi ni mò ń sun. Ẹ wá fi èéfín sí i, gbogbo ayé sì pè é ní ìbínú."

Ọkùnrin náà wọnú ọkọ̀. Láòyè bá a ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní kó rọra máa lọ.

Ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, mo mọ̀ pé o ò ya fídíò rí. Ṣùgbọ́n lọ́la, o fẹ́ lọ gbẹnu sọ fún àbúrò rẹ obìnrin níwájú àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ bí o ṣe ń múra ohun tí o fẹ́ sọ. O ní o máa sọ pé ọkọ rẹ̀ ń lù ú, kí ara wọn lè bù máṣọ. Àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ jókòó síbí, ó sì sọ fún wa pé ọkọ òun kò lu òun rí. Ohun tó sọ ni pé ọkọ òun kò bá òun sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún kan, pé òun a máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, yóò sì jẹ ẹ́ bí ẹni pé òun kò sí nínú yàrá.

Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn àbúrò rẹ. Mo mọ̀ pé lílù rọrùn láti gbọ́ ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà. Bí o bá pè é ní lílù, ẹ̀rí kan ṣoṣo láti ẹnu ọkọ rẹ̀ ni yóò pa ọ̀rọ̀ rẹ rẹ́, gbogbo ilé á sì ní irọ́ ni àbúrò rẹ ń pa. Ìyà tó jẹ ẹ́ ní tòótọ́ yóò sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ mọ́.

Lọ pe àbúrò rẹ wá nísinsìnyí. Sọ ohun tí o fẹ́ lọ sọ lọ́la fún un, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó gbọ́ ọ. Ibi tó bá ti ní kò rí bẹ́ẹ̀, yọ ọ́ kúrò.