Òkìtì Iṣu Tí Òkété Pín Títí

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yí gbìrìgìdì, ó já sórí òkìtì iṣu, ó bá Òkété níbẹ̀."

Ní ìgbà kan rí, ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan tí ó ní ilé mẹ́wàá péré. Bí iṣu bá ta, ilé kọ̀ọ̀kan á kó tirẹ̀ wá sójú kan, Òkété á sì pín in. Òun ló ń sọ iye òkìtì, láti méjì dé mẹ́wàá. Àwọn ilé á para pọ̀ mú òkìtì. Òfin wọn ni pé olùpín kì í gba ìpín. Ìṣẹ́kù ni tirẹ̀.

Iye òkìtì tí yóò mú kí iṣu ṣẹ́kù ni Òkété máa ń sọ. Á sì ti fi àwọn ìyá iṣu sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè kẹ́yìn.

"Olè ni," ni Àyọ̀ká wí láàárín àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́.

"Olùpín ni wọ́n ń pè é. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀," ni Ìyá àgbà tó ń pa àlọ́ dá a lóhùn.

Lésìí, iṣu ńlá tí Àwẹ̀ró, opó ọlọ́mọ mẹ́rin, fẹ́ gé ní ẹ̀bù ló ṣẹ́kù. Òkété gbé e wọ ihò. Lọ́dún yìí, iṣu mẹ́tàlélógún péré ni Àwẹ̀ró wà. Bí wọ́n bá tún rẹ́ ẹ jẹ, oko rẹ̀ parẹ́.

Ó ka iṣu ilé mẹ́sàn-án yòókù bí wọ́n ṣe ń rù ú kọjá: ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rùn-ún. Ó wá kó òkúta wẹ́wẹ́. Ó tò ó ní mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́jọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méje. Ó ṣe gbogbo èyí lọ́nà márùn-ún. Ó jẹ́ ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rin. Ó pín in síhìn-ín, ó pín in sọ́hùn-ún, ó rẹ́rìn-ín. Ogún ló kù kí iṣu ìlú fi pé iye náà. Ó sun mẹ́ta fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó ru ogún lọ.

Òkété ní, "Ẹ pín in sí méje." Ó ṣẹ́kù?

"Kò ṣẹ́kù," ni àwọn ọmọ dá Ìyá àgbà lóhùn.

"Ẹ dà á pọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́sàn-án." Ó ṣẹ́kù?

"Kò ṣẹ́kù."

Mẹ́jọ ńkọ́? Mẹ́wàá ńkọ́?

"Kò ṣẹ́kù."

Nígbà tí ó fi dán méjì dé mẹ́wàá wò tán, ẹ̀yìn ti ń ro àwọn tó ń kó iṣu.

Àwẹ̀ró ní, "Baba Olùpín, ó jọ pé ebi ń pa yín."

Òkété ní, "Ta ló sọ pé ilé mẹ́wàá ló wà nílùú yìí? Ihò tèmi kì í ṣe ilé? Ẹ pín in sí mọ́kànlá." Ó ṣẹ́kù?

"Kò ṣẹ́kù."

"Ó ṣẹ́kù. Ẹyọ kan," ni Ìyá àgbà wí.



Òkété nawọ́ sí i. Àwẹ̀ró ti jókòó lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba Olùpín, ihò yín ti di ilé?"

"Ilé ńlá ni."

"Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń kó iṣu tirẹ̀ wá kí a tó pín. Tiyín dà?"

Òkété ní eré lòun ń ṣe, ihò lásán ni. Àgbọ̀nrín tí í ṣe Baálẹ̀ ní, "Ihò tó bá bèèrè ìpín, ilé ni."

Wọ́n wọ ihò. Iṣu Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ jáde, ó ti hù, èéhù rẹ̀ gùn ju ìrù Òkété lọ. Wọ́n dá a padà fún un. Wọ́n da ìyókù sórí òkìtì. Òkété ti di onílé, wọ́n sì gba ipò olùpín lọ́wọ́ rẹ̀, ni wọ́n bá fi Àwẹ̀ró sípò rẹ̀.

Wọ́n ní, "Òkìtì mélòó ni ká pín in sí?"

Àwẹ̀ró ní kí wọ́n ní sùúrù, òun ń lọ kó òkúta òun bọ̀.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tó ń fi ọgbọ́n rẹ́ ẹlòmíràn jẹ kò gbọdọ̀ rò pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Àlọ́ mi pín dọ́gba, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bí mo bá purọ́, kí n má jẹ iṣu tuntun lọ́dún yìí.